Mo Wọlé Bàbá Mi Láìkágò

Bàbá mi kò fara mọ́ kí ènìyàn kàn já wọlé. Inú àgbàlá ńlá kan ní Nima, ní Accra, ni wọ́n ti tọ́ wa, níbi tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé kọ́tìnnì lásán ló wà láàárín ọbẹ̀ wa àti imú aládùúgbò. Síbẹ̀, bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, o ní láti dúró níta, kí o ké "Àgò!", kí o sì dúró títí yóò fi dá ọ lóhùn. Àwọn Gà onílẹ̀ náà ń ṣe é. Agoo tiwọn àti àgò tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. "Amee" ni wọ́n fi ń dáhùn tiwọn. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Papa Alata nítorí pé Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, máa ń fi méjèèjì dáhùn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn: "Àgò yà! Amee!" Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, yóò dákẹ́, ìwọ náà yóò sì mọ̀ pé kí o yáa padà lẹ́yìn ọ̀la. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ bí ohun tí mo ṣe ti tó.

Onítáìpù ni bàbá mi. Abẹ́ agboòrùn ní Tudu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ló ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ́ wa, tó fi rán wa lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí àwọn ènìyàn ò wá onítáìpù lọ sí abẹ́ agboòrùn mọ́, tí ìyá mi sì ti kú, mo ra kọ̀ǹpútà fún un, ó sì gbé iṣẹ́ wá sílé. Ìwé ètò ìsìnkú ló wá pọ̀ jù nínú ohun tó ń tẹ̀. Ní Accra, wọn kì í fi ìwé pélébé sin òkú. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọmọ, ti àwọn àna, ti ẹgbẹ́ akọrin. Bàbá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í jẹ́ kí òkú sùn kí wọ́n tó sin ín, a máa rẹ́rìn-ín pé òkú àwọn onígbàgbọ́ ló ń bọ́ òun. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ wọn ṣeré. Kì í wo bọ́tìnnì bó bá ń tẹ̀wé, ìwé rẹ̀ kì í sì ní àṣìṣe. Ó máa ń sọ pé, "Òkú kì í padà wá ṣe àtúnṣe. Ohun tí mo bá tẹ̀ ló máa bá a lọ."

Ó fi àwòrán ìyá mi sí ojú kọ̀ǹpútà náà. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé páálí mílíìkì, ó ń fi ẹnì kan tí kò sí nínú àwòrán ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bàbá mi bá tan ẹ̀rọ náà, yóò kọ́kọ́ wò ó dáadáa kó tó ṣí iṣẹ́.

Èmi ń gbé ní Kaneshie pẹ̀lú ọkọ mi, ọ́fíìsì tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún wọn sì wà lápá pápákọ̀ òfúrufú. Bí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bá ti ṣe gẹ́rẹ́, bàbá mi á pè mí. Mo máa wọ ọkọ̀ trotro ní ọjọ́ Sátidé, oòrùn á pa mí, mo máa dé Nima, mo máa rí i pé wáyà kan ló yọ. Mo fi wáyà bọ ihò rẹ̀, ó parí. Bàbá mi á ní kí n jókòó jẹun, èmi á ní mo ń kánjú. Nígbà tó yá, mo pinnu pé n óò ṣe ọ̀nà tí mo lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà náà láti ibi iṣẹ́ mi.

Mo ṣe é dáadáa, kí n má parọ́. Mo ti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé pa, nítorí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá lè rántí ni olè lè méfò. Mo ṣe kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tèmi nìkan ló wà. Lẹ́yìn náà ni mo fi ètò kan sí i tí yóò máa jẹ́ kí n rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni pé iwájú rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dà bí àgádágodo, ẹni tó bá wù ú lè wò ó; èyí tó ń ṣí i ló wà lọ́wọ́ mi. Mo tún fi hàn án bí àwọn tí a kò mọ̀ rí, láti ìlú òkèèrè, ṣe ń gbìyànjú láti wọlé, tí kọ̀ǹpútà sì ń lé wọn padà.

Ó fara mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó. "Olè ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

"Olè ni wọ́n, Bàbá."

"Wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn?"

"Bí ẹni pé wọ́n ń kàn án náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olè tó ń kan ilẹ̀kùn! Ayé mà ti ń dára o." Ó nu ojú, ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Báwo ni ìwọ yóò ṣe máa kàn án?"

"Bàbá, mo ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́."

"Mo gbọ́. Ìyá rẹ náà ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí títí ó fi kú, síbẹ̀ ó ń kágò. Ilé onílé kọ́ nìyí?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi àdéhùn sí i. Bí mo bá fẹ́ wọlé, n óò kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, n óò ké àgò, òun yóò dáhùn kí n tó tẹ ohunkóhun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ń tẹ̀lé e. Àwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì á máa wò mí bí mo bá gbé fóònù tí mo sì pariwo "Àgò o, Bàbá!", wọ́n á ní Alata yìí tún ti dé. Bàbá mi á fi Yorùbá àti Gà dá mi lóhùn, inú èmi náà á dùn.

Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì Accra kò ṣe é gbára lé, bàbá mi náà sì máa ń gbàgbé fóònù sínú àpò agbádá tó gbé kọ́. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí dumsor ń dà wá láàmú, tí wọ́n ń mú iná lọ tí wọ́n ń mú un wá bó ṣe wù wọ́n, mo fẹ́ mọ̀ bóyá iná tó lọ lójijì ti ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Mo pe bàbá mi, kò gbé e. Mo bá wọlé. Mo wo gbogbo ohun tí mo fẹ́ wò, mo jáde, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà kejì, n kò pè é rárá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá di àṣà. Bí mo bá ṣí oúnjẹ ọ̀sán mi, n óò wọ Nima, n óò máa wo lẹ́tà tí ń jáde níkọ̀ọ̀kan bí bàbá mi ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Adùn wà nínú rẹ̀, n kò ní ṣẹ́. Láti kékeré tí mo ti máa ń jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Tudu, tí mo ń bá a to ìwé, n kò tún rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ mọ́. Mo wá ń rí i lójoojúmọ́, láìwọ trotro. Mo sọ fún ara mi pé mo súnmọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì dáwọ́ lílọ sí Nima ní Sátidé dúró díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Àwòrán ìyá mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbàkigbà tí mo bá wọlé, dúdú ni ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà náà máa ń jẹ́, dúdú kirikiri. Mo ní bàbá mi ti yọ ọ́ kúrò. Opó kan wà nínú àgbàlá wa, tó ń ta wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lójú títì, tó máa ń gbé kókó, ẹ̀kọ mímu, fún un láàárọ̀. Kíá ni ọkàn mi ti gbé òun àti bàbá mi dé ibi tí wọn kò dé. N kò sì lè béèrè, nítorí bí mo bá béèrè, bàbá mi yóò fẹ́ mọ ibi tí mo ti rí i. Mo lọ sí Nima ní ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, wọ́n ti fi aṣọ tí ìyá mi hun bo kọ̀ǹpútà náà. Obìnrin náà kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó bu kóósè, àkàrà tiwọn, fún mi. Mo fi ìbínú jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó yá, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ó kọ́kọ́ tóbi díẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún tóbi sí i. Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe dé. Ìlà kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á pe olóògbé ní orúkọ kan lókè, lẹ́tà kan á ti fò nínú rẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá mi! Mo gbé ṣíbí sílẹ̀ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, oúnjẹ náà kò wọlé mọ́.

Ó yẹ kí n pè é lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dúró títí ó fi lọ kírun ọ̀sán, mo wá tún àwọn àṣìṣe náà ṣe níkọ̀ọ̀kan, mo sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ. Àwọn oníbàárà kò rí ohun tí wọn yóò ráhùn sí. Orúkọ bàbá mi kò bàjẹ́. Mo ní ọmọ rere ni mí. Bí a bá sọ fún onítáìpù pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣé kì í ṣe pé a sọ fún un pé kó kógbá sílé? Bàbá mi yóò sì béèrè pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo ń sá fún. Mo tún ń tan ara mi pé àgbà ló dé sí i, pé bí mo bá ra awò fún un nígbà ọdún, yóò tán.

Ọjọ́ mìíràn wà tí yóò fẹ lẹ́tà náà títí ọ̀rọ̀ mélòó kan péré yóò fi kún ojú kọ̀ǹpútà, kò sì ní tẹ ohunkóhun mọ́. Yóò kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo máa ń wò ó, mo máa ń jẹun mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni opó yẹn pè mí. Èémí rẹ̀ kò délẹ̀. "Sista, bra! Papa atɔ gutter mu!" Ó ní kí n máa bọ̀, bàbá ti já sí gọ́tà. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni, tí bàbá mi ti ń fò kọjá láti ìgbà tí n kò tíì sí láyé. Obìnrin tí mo ń bá bínú yìí ló bọ́ sínú omi ẹlẹ́gbin náà, tó fi èjìká rẹ̀ gbé bàbá mi jáde. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀nà láti ọ́fíìsì dé ọsibítù ni mo fi ń wo ẹ̀yìn, ara mi ni mo sì ń rí níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kán, ó kàn fi rọ́ ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń di ẹsẹ̀ náà na bàńdéèjì sí i láti apá ọ̀tún pé kó bá òun dì í mú, bàbá mi kò rí i. Nọ́ọ̀sì yẹn tún na ọwọ́, ó wá lọ pe dókítà ojú. Dókítà ọ̀hún, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, sọ fún wa pé omi inú ojú ló ń ti iṣan ojú, pé àìsàn náà kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran wọlé. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n oògùn tí wọn yóò máa kán sí i lè dá a dúró níbi tó dé.

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?" Èmi ni mo béèrè.

"Èyí tó ti lọ kò ní padà, madam. Ká ní wọ́n tètè mú Papa wá ni. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ o. Ìṣojú mi ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbà á, mo lọ sí Nima ní Sátidé, pẹ̀lú oògùn ojú lápò mi. Mo kágò lẹ́nu ọ̀nà, ó dáhùn. Iwájú kọ̀ǹpútà ló jókòó sí, ó ti tàn án. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí páálí mílíìkì, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi tí ẹnu mi fi ṣáájú ọpọlọ mi.

"Háà, Bàbá, ẹ ti dá àwòrán Màmá padà!"

Ó yí gbogbo ara sí mi, nítorí ọ̀nà yẹn nìkan ló fi lè rí mi. "Mo dá a padà láti ibo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn ojú nínú àpò mi.

"Kò kúrò níbẹ̀ rí. Ta ló sọ fún ọ pé ó kúrò?" Kò pariwo. "Gbé kọ̀ǹpútà rẹ jáde."

Mo gbé e jáde.

"Wọlé, bí o ṣe máa ń wọlé."

Mo tẹ ohun tí mo máa ń tẹ̀. Bí mo ti wọlé ni ìyá mi pòórá lójú kọ̀ǹpútà bàbá mi. Dúdú ló kù. Bàbá mi ní kí n jáde. Mo jáde, ìyá mi sì padà dé. Ètò tí mo fi ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló máa ń mú àwòrán ẹ̀yìn kúrò kí iṣẹ́ lè yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fi sílẹ̀. Èmi tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo olè ayé, n kò wo ìyẹn.

Bàbá mi ní, "Ìgbàkigbà tí o bá ti wọlé, ìyá rẹ a jáde. Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú. Ó ní ìbínú kọ́.

"Mo máa ń dá ọ lóhùn," ó ní. "Nínú yàrá yìí, èmi nìkan, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti dúdú báyìí, mo máa ń sọ pé, 'Àgò yà.' Mo rò pé ọjọ́ kan á jọ́kan, wàá pè mí kí o sọ apá tìrẹ."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ojú ń dà yín láàmú?"

"Sọ ọ́ fún ta ni? Ìwọ tí o wà níbẹ̀? Mo fẹ lẹ́tà kí o lè rí i. Mo fi sílẹ̀, mo dúró. O ń bá mi tún àṣìṣe ṣe, bí mo bá ti mọ́sálásí dé, mo ń rí i pé iṣẹ́ ti mọ́." Ó fi ọwọ́ wá aṣọ tí ìyá mi hun lórí tábìlì, ó rí i, ó ká a sórí ẹsẹ̀. "Mo wá sọ fún ara mi pé ọmọ mi tó mọ̀wé, tó mọ dókítà, ń wò mí, kò sì wí nǹkan kan. A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì le nìyẹn. Ni ọkàn mi bá balẹ̀."

Ì bá kúkú gbá mi létí. Mo sunkún lórí orúnkún mi níbẹ̀ bí ọmọdé, bàbá mi sì ń fi ọwọ́ pa mí lórí, èyí tó tún burú jù. Nígbà tí mo dákẹ́, mo kán oògùn sí i lójú.

Ó ṣì ń tẹ̀wé díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo ń ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ fún un lórí fóònù, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé bọ́tìnnì kankan. Mo ti padà sí lílọ ní Sátidé. Mo máa ń ra nǹkan dání fún opó yẹn, ó ń gbàdúrà fún mi, ó ní n kò ní ìgbéraga, n kò sì tíì ní ìgboyà láti sọ ohun tí mo rò nípa rẹ̀ fún un.

Mo sọ fún bàbá mi pé mo lè tún ètò náà ṣe kí àwòrán má máa lọ mọ́ bí mo bá wọlé. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ wọlé nísinsìnyí, mo máa ń pè é. "Àgò o, Bàbá." Kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní àkọ́kọ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní. "Dúró ná. Mo ń wo ìyá rẹ kó tó jáde."

Mo máa ń dúró. Ó ń fi ojú kan tó kù wò ó, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò sọ pé, "Àgò yà, ọmọ mi," èmi yóò sì tẹ̀ ẹ́.